Gberefu fún Ẹni Tó Fẹ́ Pẹja Nínú Omi Orúnkún

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ní èbúté Marina ní Àgbádárìgì, etí òkun ni wọ́n ń sáré lọ. Wọ́n á sọdá ọ̀sà sí erékùṣù Gberefu, wọ́n á rin yanrìn já sí òkun, wọ́n á ya fọ́tò ní Point of No Return, ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ òkun lọ, wọ́n á sì padà kí oòrùn tó mú. Ìyẹn dára fún ẹni tó wá wo ìtàn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀pá ìwọ̀ lẹ gbé dání, ibi tí ẹ kọ ẹ̀yìn sí gan-an ni iṣẹ́ yín wà. Etí ọ̀sà ni, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ti já yín sílẹ̀, nínú omi tí kò kọjá orúnkún, níbi tí ẹni tó bá farabalẹ̀ ti lè fojú rí ẹja kó tó ju ìwọ̀ sí i.

Apá ibẹ̀ la yẹ̀ wò: ọkọ̀, atukọ̀, omi, ẹja, àti ohun tó sábà ń bà á jẹ́. Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì, máàkì 4 nínú 5 ló tọ́ sí i. Lásìkò òjò, 2. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì pẹja níbẹ̀, 1 péré ni, ìgbà yòówù kó jẹ́ nínú ọdún.

Irú ìpẹja yìí lórúkọ káàkiri ayé. Flats fishing ni wọ́n ń pè é ní Andros, erékùṣù tó tóbi jù ní Bahamas, ní Belize àti ní àwọn erékùṣù ìsàlẹ̀ Florida. Níbẹ̀, olùtọ́nà á dúró lórí pèpéle kékeré ní ẹ̀yìn ọkọ̀, á pa ẹ́ńjìnnì, á máa fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́. Àlejò á dúró síwájú. Olùtọ́nà ló sábà ń kọ́kọ́ rí ẹja, á sì júwe ibi tó wà bí ẹni ń ka agogo: iwájú ọkọ̀ ni agogo 12, ọwọ́ ọ̀tún gan-an ni agogo 3. Ẹja tí wọ́n ń wá jù ni bonefish, tó ń dán bíi fàdákà, tó ń fi ẹnu tú yanrìn wá edé àti akàn wẹ́wẹ́. Bó bá ti dorí kodò, ìrù rẹ̀ á yọ sókè omi, ìrù yẹn sì ni apẹja ń ṣọ́. Ní Belize, òfin ti ka pípa bonefish àti ẹja méjì mìíràn, permit àti tarpon, léèwọ̀ láti 2009: ẹni tó bá fi ìwọ̀ mú un, á dá a padà sómi. Ẹja kan náà lè tipa bẹ́ẹ̀ mú owó wọ abúlé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Gberefu ní omi tí kò jìn, ó ní ìsàlẹ̀ oníyanrìn, ó sì ní àwọn atukọ̀ tó ti mọ ọ̀pá í tì láti kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló fi yàtọ̀ sí Andros, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n á fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò.

Àkọ́kọ́ ni bí omi ṣe mọ́ tó. Omi Andros mọ́ gaara débi pé ènìyàn á máa ka òkúta nísàlẹ̀. Ti ọ̀sà Àgbádárìgì kò tó bẹ́ẹ̀ láé. Lọ́jọ́ tó bá dára jù, ẹ ó rí ìsàlẹ̀ dáadáa níbi tí omi dé agbede ojúgun, ẹ ó rí i fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ níbi tó dé orúnkún, bó bá sì ti dé itan, ojú ò ríran mọ́. Nítorí náà, ara ẹja fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ ó máa wá. Òjìji rẹ̀ lórí yanrìn ni, tàbí ojú omi tó ń mì jìgì níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, tàbí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tó dédé tú ká bí ẹni pé wọ́n ju ìkúùkù yanrìn sómi.

Èkejì ni kíkún àti fífà omi. Ní Andros, òkun ló ń gbé ẹja gun orí yanrìn tó sì ń gbé e lọ lójoojúmọ́, wákàtí kíkún òkun ni wọ́n sì fi ń ṣètò gbogbo nǹkan. Ọ̀sà Àgbádárìgì kò ní ẹnu sí òkun níwájú Gberefu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ló pín àwọn méjèèjì níyà. Bí omi ọ̀sà bá máa dé òkun, àfi kó gba ìlà-oòrùn jáde ní Èkó, tàbí kó gba ìwọ̀-oòrùn lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kó tó jáde ní Kútọnu. Nígbà tí kíkún òkun bá fi rin ọ̀nà yẹn dé Àgbádárìgì, agbára rẹ̀ ti dín kù jọjọ. Àwọn tó ń wo àtẹ kíkún òkun ti Èkó lórí fóònù, tí wọ́n sì ń bá atukọ̀ jiyàn lé e lórí, ń da ara wọn láàmú lásán ni. Òjò, odò Yewa tó ń ṣàn wọ inú ọ̀sà, àti afẹ́fẹ́ ló ń darí omi níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àsìkò fi ṣe pàtàkì ju wákàtí lọ. Láti oṣù Kejìlá ni omi ti ń fà, tí iyọ̀ ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ẹrẹ̀ sì ń rọlẹ̀. Oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ní ìṣòro tiwọn: ọyẹ́ máa ń fi eruku bo oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á sì ṣe bàìbàì títí di bí agogo 10, nítorí náà ẹ má lọ lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá fẹ́ gan-an. Oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ló dára jù. Òjò ńlá méjì tó bá ti rọ̀ tẹ̀ léra ní oṣù Kẹrin, ọ̀rọ̀ ti ń yí padà nìyẹn. Láti oṣù Karùn-ún lọ, omi á pọ́n bí omi ògì bàbà, ìwọ̀ á sì di ohun tí à ń jù lójú dúdú.

Ewéko orí omi, èyí tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, wà lára ohun tí òjò ń gbé wá. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i lórí omi Àgbádárìgì yìí kan náà, láti ìhà ilẹ̀ Benin ló sì ti wọlé. Bó bá ti tẹ́ bí ẹní sójú omi, kò sí ibi tí okùn ìwọ̀ máa bọ́ sí. Iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa á. Ṣùgbọ́n bó bá kú, ìsàlẹ̀ ló ń rì lọ láti jẹrà, ibi tó bá sì ti ń jẹrà, ẹja kì í dúró níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, bí ẹ bá rí etí omi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú tó sì ń yọ èéhó wẹ́wẹ́ bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ fún atukọ̀ kó sún síwájú títí tí yanrìn funfun yóò fi yọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló kàn, òun gan-an ló sì ń ba ọjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló wà ní èbúté Marina. Fún sísọdá, kò sí àbùkù lára wọn: ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò sì ní pẹ́ kí ọkọ̀ tó kún. Bí ẹ bá ní kí wọ́n gbé yín lọ pẹja, wọ́n á gbà, nítorí owó ni. Ẹ má gbà fún wọn. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà wúwo, abẹ ẹ́ńjìnnì tó ń yí lábẹ́ omi a máa rì kọjá orúnkún, bó bá sì ti kan yanrìn, ó lè kán, tàbí kó ré òwú àwọ̀n ẹlòmíràn. Kó tó dé ibẹ̀ pàápàá, ariwo rẹ̀ á ti lé gbogbo ẹja inú omi orúnkún lọ sínú ibú, kò sì ní kù sí wákàtí kan kí wọ́n tó padà.

Ohun tó yẹ ni kí ẹ fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì sọdá, kí ẹ wá háyà ọkọ̀ kékeré lọ́wọ́ apẹja kan ní abúlé. Ọkọ̀ onípákó tóóró ni, omi tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ ti tó láti gbé e. Àlejò kan àti atukọ̀ kan ló gbà dáadáa. Àlejò méjì lè wọ̀ ọ́, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni kó máa dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo inú ọkọ̀. Bí omi bá ti wà nílẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì so mọ́ èèkàn, ẹ wo ibi tí pákó ti pàdé pákó, ẹ béèrè igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò máa gbọ́n omi nígbà tí atukọ̀ bá ń ti ọ̀pá. Iṣẹ́ méjì yẹn kò ṣeé fún ẹnì kan.

Ọkọ̀ kékeré wọ̀nyí kì í sábà ní ẹ̀wù agbẹ́mìílà. LASWA, àjọ tó ń rí sí ojú omi ní ìpínlẹ̀ Èkó, sì ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀. Ẹ bá àwọn tó ni ọkọ̀ ńlá sọ ọ́ ní èbúté kí wọ́n jẹ́ kí ẹ mú tiyín sọdá, tàbí kí ẹ gbé e wá láti ilé. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ dè é pinpin, kí ẹnì kan wá di èjìká rẹ̀ mú kó fà á sókè. Bó bá gòkè dé etí yín, ó ti tóbi jù, yóò bọ́ lọ́rùn yín nínú omi. Èyí tí fóòmù inú rẹ̀ ti rún wúruwùru kò wúlò mọ́.

Nípa atukọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Ọparun ni ọ̀pá náà sábà máa ń jẹ́, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Atukọ̀ tó mọṣẹ́ á ki ìdí ọ̀pá bọ omi lẹ́yìn ara rẹ̀ láìjẹ́ kó dún, á fara tì í, ọwọ́ rẹ̀ á máa gun ọ̀pá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ á sì máa yọ́ lọ. Bó bá fẹ́ fà á yọ, á kọ́kọ́ yí i díẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ abẹ́ yanrìn a máa di ìdí ọ̀pá mú. Ẹni tó bá fà á ṣánṣán láìyí i, ọkọ̀ á ta padà sẹ́yìn, ẹni tó dúró níwájú á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Bí ọ̀pá bá ń ta omi pààpàà, tàbí tó ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbìgbì, ẹja ti gbọ́ kí ẹ tó dé. Ẹ sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n máa ń gbọ́.

Ògù ni èdè abúlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé wọ́n á máa ka agogo fún yín bíi ti Andros. Ẹ fi ọwọ́ ṣàdéhùn kí ẹ tó ṣí kúrò ní èbúté: ọwọ́ tó nà sókè, ẹ dúró, ọwọ́ tó nà sí ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ ni ẹja wà, ọwọ́ tó ń rọ sísàlẹ̀, ẹ rọra. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ba ẹja lẹ́rù tó ẹsẹ̀ tó ń dún nínú ọkọ̀, àmọ́ ọwọ́ yá ju ẹnu lọ. Àgbàlagbà lẹ ó bá pàdé níbẹ̀, nítorí náà ẹ kí wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ tó kàn ń bèèrè pé "èló ni?" kì í sábà rí atukọ̀ tó dára háyà.

Lórí owó, ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Ẹ sọ owó ọkọ̀ ńlá ní lílọ àti bíbọ̀ papọ̀, kí ẹ sì san ìdajì rẹ̀ nìkan kí ẹ tó sọdá. Ẹ fi wákàtí háyà ọkọ̀ kékeré, kì í ṣe "títí a ó fi ṣe tán". Wákàtí mẹ́rin ti tó. Ẹ sì bèèrè ní gbangba bóyá owó abúlé wà lára rẹ̀ tàbí ọ̀tọ̀ ni, nítorí wọ́n lè bèèrè lọ́wọ́ àlejò nígbà tó bá gúnlẹ̀. Èyí kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ilẹ̀ wọn ni, omi wọn ni. Ohun tó ń dunni ni kí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀ nígbà tí ènìyàn ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ, máàkì tó kù nínú 5 yẹn, apá kan rẹ̀ ló bá èyí lọ.

Kí ojú tó ríran nínú omi, oòrùn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn yín, kó sì ti gòkè díẹ̀. Láti bí agogo 9 sí agogo 12 ni kí ẹ fojú sí. Lẹ́yìn ọ̀sán, afẹ́fẹ́ láti òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í le, ojú omi á hunjọ, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa rí mọ́. Gíláàsì ojú lásán tó dúdú kò ṣiṣẹ́. Irú èyí tí wọ́n kọ polarized sí lára ló ń pa dídán ojú omi, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin ló sì dára jù fún omi tó pọ́n díẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni, ẹ gbé e wo ojú fóònù tí iná rẹ̀ ń tàn, kí ẹ máa yí i lọ bí ọwọ́ agogo: bí ojú fóònù náà bá dúdú lápá kan tó sì tún mọ́ padà, ojúlówó ni. Fìlà tó ní etí gígùn, kí abẹ́ etí rẹ̀ jẹ́ dúdú, náà kò ṣeé fi sílé.

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìwọ̀ ní erékùṣù náà. Gbogbo ohun tí ẹ máa lò, ẹ gbé e wá. Ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7 tó sì rọ̀ ti tó, pẹ̀lú okùn tó lè fa kílò 4. Ìwọ̀ kékeré, nọ́ńbà 8 tàbí 6, ni ti epìyà, nítorí ẹnu rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá gbé ìwọ̀ ńlá wá á kàn máa bọ́ ẹja lófẹ̀ẹ́ ni. Nọ́ńbà 2 sí 1/0 ni ti ọ̀bọ̀kún. Ìdẹ epìyà ni ekòló tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, tàbí ẹ̀bà líle tí wọ́n rọ bí ẹ̀wà kan. Ti ọ̀bọ̀kún ni edé tútù. Ẹ má lo òjé nínú omi orúnkún bó bá ṣeé ṣe, nítorí bó ṣe ń jábọ́ ni ẹja ń sá. Ìdẹ fúnra rẹ̀ wúwo tó. Ẹ jù ú kọjá ẹja ní bíi mítà kan tàbí méjì, kí ẹ jẹ́ kó rì, kí ẹ wá rọra fà á sí ojú ọ̀nà tí ẹja ń gbà bọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn ju ìdẹ lé ẹja lórí.

Àwọn ẹja tó ń fò sókè lẹ́gbẹẹgbẹ́ ní àárọ̀ lè tan àlejò jẹ. Mullet ni wọ́n. Èérí àti ewéko wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n ń jẹ, wọn kì í sábà mu ìwọ̀, àwọ̀n ni wọ́n fi ń kó wọn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Epìyà ni olórí ẹja omi orúnkún ní Gberefu, ó sì yẹ kí ènìyàn dúró wò ó kó tó jù ìwọ̀. Lórí yanrìn, nínú omi tó dé agbede ojúgun, ẹ ó rí àwọn kòtò róbótó tó mọ́ tónítóní, tí kò ju àwo ọbẹ̀ lọ, tí wọ́n jókòó nítòsí ara wọn. Ibi tí wọ́n ń yé sí nìyẹn. Irú epìyà tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, tó pọ̀ jù nínú ọ̀sà yìí, akọ ló ń kó ẹyin sẹ́nu, inú ẹnu rẹ̀ ni wọ́n á wà títí tí wọ́n á fi pa. Bí ẹ bá fa akọ kan sókè tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú bí àpò, ẹ wo ẹnu rẹ̀: àwọn ẹyin á wà níbẹ̀, wọ́n pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí epo tí wọ́n là, nígbà mìíràn wọ́n á máa dà sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Ẹ má gbé e sókè láti ya fọ́tò. Ẹ mú un mọ́ inú omi, ẹ yọ ìwọ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Ìwọ̀ tí wọ́n ti fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún kékeré ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú kí èyí rọrùn gan-an, a sì rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹja tó wà lórí kòtò, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Àwọn tó ń rìn kiri ní ẹ̀bá wọn pọ̀ tó láti jẹ.

Ọ̀bọ̀kún kò ṣeé fi ọwọ́ kan bó ṣe wuni. Ó ní ẹ̀gún mẹ́ta: ọ̀kan lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo wọn ní eyín bí ayùn. Bó bá gún ni, ọwọ́ á wú, á sì máa ta ṣánṣán fún wákàtí púpọ̀. Ẹ fi aṣọ tó tutù bo orí rẹ̀, ẹ di í mú lẹ́yìn àwọn ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́, kí ẹ̀gún ẹ̀yìn wà láàárín ìka yín, kí ẹ wá fi ẹ̀mú yọ ìwọ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú sálúbàtà. Ẹ̀gún rẹ̀ a máa yọ jáde lójú kejì.

Níbi tí ẹ bá ti rí ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ gátagàta nínú omi, tó dà bí oko tó hù lórí ọ̀sà, ẹ má sún mọ́ ọn. Àkájà ni. Àwọn Ògù ń lo ọgbọ́n yẹn, ní Àgbádárìgì níhìn-ín àti ní ìhà Benin. Wọ́n á gbin ẹ̀ka sínú omi tí kò jìn, ẹja á wá síbẹ̀ wá sá pamọ́, wá jẹ ohun tó hù lára igi, wá yé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, olówó rẹ̀ á fi àwọ̀n yí i ká, á yọ igi kúrò, á sì kó ẹja. Gbogbo àkájà ló ní olówó, bí kò bá tilẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ẹni tó bá ju ìwọ̀ sínú rẹ̀ ń jalè ni, atukọ̀ tó gbé e débẹ̀ ló sì máa jìyà rẹ̀ ní abúlé. Bákan náà ni ìgèrè tí wọ́n rì sétí koríko: ẹ má gbé e sókè láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, ẹ wọ bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa fà ẹsẹ̀ lọ nílẹ̀, kí ẹ má gbé e sókè. Ẹja pẹlẹbẹ kan wà tó ń sin ara rẹ̀ sábẹ́ yanrìn, ìrù rẹ̀ ní ẹ̀gún olóró. Bí ẹsẹ̀ bá fà kàn án, á sá lọ. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ lórí, á gún un. Bó bá gún ènìyàn, omi gbígbóná tí ara lè gbà ni kí wọ́n ki ẹsẹ̀ náà bọ̀ fún ìdajì wákàtí ó kéré tán, kí wọ́n sì lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ẹ̀gún tó lè kán síbẹ̀. Lásìkò òjò, tí omi ọ̀sà kò ní iyọ̀, ẹ má rìn nínú rẹ̀ rárá ní ẹ̀bá koríko. Irú ibẹ̀ ni ìgbín omi tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá fẹ́ràn. Omi oníyọ̀ ti ẹ̀ẹ̀rùn kò bá a lára mu, ìdí mìíràn nìyẹn tí a fi ń tẹnu mọ́ oṣù Kejì àti oṣù Kẹta.

Jíjẹ àti mímu: ẹ gbé píọ̀ wọ́tà wá, lítà mẹ́ta fún ẹnì kan. Àgbọn tútù wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, Àgbádárìgì lókìkí fún un, ó sì dára ju ohun mímu inú agolo lọ lábẹ́ oòrùn yẹn. Kò sí ibòòji lórí omi. Ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́ ṣòroó rí, kí ẹ ti lò ó ní Marina kí ẹ tó sọdá.

Etí òkun ńkọ́? Ìrìn inú yanrìn ni láti ọ̀sà débẹ̀, ẹ ó sì kọjá lẹ́bàá kànga tí wọ́n ní wọ́n ń mú àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ibi tó yẹ kí ènìyàn dúró kó dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbì ibẹ̀ ń fọ́ lójú etí omi gan-an, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa fà ní agbára, ẹ má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá tún ní àyè ní ìrọ̀lẹ́, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ ní 1845, wà ní Marina kan náà.

Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín ní erékùṣù. LASWA kò fàyè gba ọkọ̀ èrò lálẹ́, igi àkájà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan sì kì í fara hàn nínú òkùnkùn. Kí agogo 4 bá yín ní èbúté. Ẹja tó ń lọ sílé, ẹ la inú rẹ̀ kí ẹ tó kúrò, nítorí inú epìyà ló ń kọ́kọ́ rọ̀. Ẹ tò ó sínú kúlà, yìnyín nísàlẹ̀, ẹja láàárín, yìnyín lórí, kílò kan yìnyín fún kílò kan ẹja, kí ẹ sì ṣí ihò ìdí kúlà kí omi máa jáde. Ọ̀nà Àgbádárìgì sí Mile 2 lè gba ju wákàtí mẹ́ta lọ bí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ bá wà, nítorí náà ẹ ra yìnyín tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlú kí ẹ tó sọdá ní àárọ̀. Ohun tó dára jù yìnyín lọ tún wà: àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní abúlé lè fi èèpo àgbọn yan tiyín. Ó ń gbà tó wákàtí márùn-ún kó tó gbẹ dáadáa, nítorí náà ẹ bá wọn sọ ọ́ láàárọ̀, kí ẹ sì fi ẹja tí ẹ bá kọ́kọ́ mú ránṣẹ́ sí wọn láìdúró de èyí tó kù. Èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn agogo 11 kò ní gbẹ tán kí ọkọ̀ yín tó lọ. Inú yìnyín ni kó wà.